Kíka Wákàtí Iṣẹ́, Nílé àti Ní Ọ́fíìsì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Toronto)

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ajé wa ní ìlú yìí. Kókó tí wọ́n fún wa ni bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ka wákàtí òṣìṣẹ́ ní ayé tí a ti ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀ nílé, tí a sì ń ṣe díẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa. Àwọn kan nínú wa jẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn kan jẹ́ ọ̀gá, àwọn mìíràn sì jẹ́ méjèèjì: wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní ọ̀sán, wọ́n sì tún gba ènìyàn síṣẹ́ nínú okòwò tiwọn.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ìwé wákàtí jẹ́ òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n sì gbọ́dọ̀ wà ní gbangba kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà lè jọ rí i. Kò sí ìyá oní-gàrí tí yóò gbé kọ́ńgò sábẹ́ àga kí ó tó wọn gàrí fún oníbàárà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà dé nìyẹn.

Kíka iṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun

Àwọn bàbá wa kò ní aago, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ kà. Ebè ni wọ́n ń kà lóko. Ẹni tó bá kọ igba ebè, igba ebè náà wà nílẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí i. Àáró pàápàá, ìṣirò ni. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, síbẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ aláàáró ló mọ ẹni tó jẹ àáró tí kò tíì san án. Ohun tó mú kí ó rọrùn ni pé gbogbo wọn jọ wà lóko, wọ́n sì jọ ń wo iṣẹ́ kan náà.

Ní ìlú tí a wà yìí, aago ni wọ́n fi ń ka tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 1879, níbí ní Toronto, ni Sandford Fleming ti ka ìwé kan níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Canadian Institute, tí ó sì dá a lábàá pé kí a pín gbogbo ayé sí ọ̀nà àkókò mẹ́rìnlélógún. Ọkọ̀ ojú irin ló sún wọn dé ibẹ̀, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀ nígbà náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé aago sí ẹnu ọ̀nà, tí òṣìṣẹ́ ń ki káàdì bọ̀ bí ó bá ń wọlé àti bí ó bá ń jáde. Ní ọdún 1917, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú aago bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n pa pọ̀ ní Canada, tí wọ́n sọ ní International Business Machines, èyí tí a mọ̀ sí IBM lónìí. Ẹ wá rí i pé láti ìgbà pípẹ́ ni aago ìwọlé òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà ti jẹ́ ọmọ ilé kan náà.

Aago ẹnu ọ̀nà ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbangba ló wà. Òṣìṣẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí wákàtí tó tẹ̀ sórí káàdì rẹ̀. Òun náà lè kà á.

Ohun tó yí padà

Nígbà tí àrùn COVID dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọ́fíìsì wọ inú ilé wa. Tábìlì ìjẹun di tábìlì iṣẹ́. Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ máa wá ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí fún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn báǹkì ńlá bí RBC àti BMO ní kí ó di ọjọ́ mẹ́rin. Ìjọba Ontario kéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wá ní ọjọ́ mẹ́rin láti ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2025, kí ó sì di ọjọ́ márààrún láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2026.

Síbẹ̀, iṣẹ́ inú ilé kò tán. Ẹni tó lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ṣì ń dáhùn lẹ́tà lórí fóònù rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyá tó dá iṣẹ́ dúró ní aago mẹ́ta ọ̀sán kí ó lè lọ gba ọmọ nílé ìwé, yóò tún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí àwọn ọmọ bá sùn. Ta ló ń ka wákàtí òru yẹn? Ibi tí wàhálà wà nìyẹn.

Àwọn ọ̀gá ti wá ra ẹ̀rọ tí yóò bá wọn kà á. Òmíràn ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ kan bọ́tìnnì. Òmíràn ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Òmíràn ń wo àmì aláwọ̀ ewé tó ń fi hàn pé ènìyàn wà nídìí iṣẹ́. Àwọn tó ń lọ tọ́jú àgbàlagbà nílé wọn, fóònù ló ń sọ ibi tí wọ́n wà àti ìgbà tí wọ́n dé.

Àwa kò sọ pé ẹ̀rọ náà burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń kà. Ọwọ́ ló ń kà, kì í ṣe orí. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ka ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà, tàbí tó ń fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀tù sí oníbàárà nínú lórí fóònù, ẹ̀rọ lè sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹlòmíràn á sì máa mi máòsì kiri, ẹ̀rọ á ní iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀gá tó bá gba ẹ̀rọ gbọ́ ju iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ lọ yóò yin ọ̀lẹ, yóò sì lé akíkanjú lọ.

Ẹjọ́ méjì tó yẹ kí a mọ̀

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbí ní Toronto ní ọdún 2007, kí iṣẹ́ inú ilé tó gbòde. Òṣìṣẹ́ kan tó ń dúró ní kántà báǹkì CIBC pe báǹkì náà lẹ́jọ́, ní orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò Canada, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n (31,000). Ó ní àwọn ń ṣe iṣẹ́ ju wákàtí lọ láìgba owó àṣekún. Òfin báǹkì náà ni pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí iṣẹ́ àṣekún kí a tó sanwó rẹ̀, kò sì sí ètò tó péye láti kọ wákàtí tí òṣìṣẹ́ ṣe gan-an sílẹ̀. Ní ọdún 2020, adájọ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ láre. Ní ọdún 2022, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ontario fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2023, báǹkì náà gbà láti san mílíọ̀nù 153 dọ́là. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko! Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ padà rí tirẹ̀ gbà.

Ẹjọ́ kejì wáyé ní British Columbia ní oṣù kìíní ọdún 2023. Akáúńtáǹtì kan tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní wọ́n lé òun láìtọ́, ó sì pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ kí wọ́n san owó òun. Ilé-iṣẹ́ náà gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ TimeCamp jáde, ó ní ó ju àádọ́ta wákàtí lọ tó kọ sínú ìwé àkókò rẹ̀ tí ẹ̀rọ kò rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní bébà lòun tẹ̀ tí òun fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń ka ìwé títẹ̀ pẹ̀lú, ohun tó sì tẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí ó san ju 2,600 dọ́là lọ fún ilé-iṣẹ́ náà, owó àwọn wákàtí yẹn àti ìyókù owó kan tó ti yá lọ́wọ́ wọn.

Ẹ gbé ẹjọ́ méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ní ti àkọ́kọ́, àìsí àkọsílẹ̀ ló jẹ òṣìṣẹ́ níyà. Ní ti èkejì, àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ kò bá ti ẹ̀rọ mu, kò sì ní ẹ̀rí mìíràn. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ yóò gba ti ẹlòmíràn.

Ohun tí òfin Ontario sọ

Ọ̀kan: láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tó sọ bóyá ó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ òṣìṣẹ́. Bí ó bá ń ṣọ́ wọn, kí ó sọ bí ó ṣe ń ṣe é, ìgbà tó ń ṣe é, àti ohun tó fẹ́ fi ohun tó bá rí ṣe. Òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: òfin náà kò ní kí wọ́n má ṣọ́ yín. Ó ní kí wọ́n sọ fún yín ni.

Èjì: irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé mìíràn tó sọ ìlànà rẹ̀ lórí pípa fóònù àti kọ̀ǹpútà iṣẹ́ tì lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́.

Ẹ̀ta: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ wákàtí òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ohun tó bá ju wákàtí mẹ́rìnlélógójì lọ lọ́sẹ̀, owó àṣekún ni, ìlọ́po kan àtààbọ̀. Àwọn máníjà àti àwọn iṣẹ́ kan wà lóde èyí, kí kálukú wádìí tirẹ̀. Àwọn tó wà ní báǹkì, ọkọ̀ òfuurufú àti tẹlifóònù, òfin ìjọba àpapọ̀ ló dè wọ́n: wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ogójì lọ́sẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ṣe iṣẹ́, iṣẹ́ ni lójú òfin Ontario, bí ìwé àdéhùn tilẹ̀ ní kí ó má ṣe é.

Ẹ̀rin: ẹni tó bá fẹ́ mú ẹ̀sùn owó iṣẹ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba Ontario tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ó má jẹ́ kí ó ju ọdún méjì lọ láti ìgbà tó yẹ kí a san owó náà.

Sí àwa tí a jẹ́ ọ̀gá

Ẹ má fi ẹ̀rọ sí kọ̀ǹpútà ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀, bí òṣìṣẹ́ yín kò tilẹ̀ ju mẹ́ta lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń kà, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó lè sọ pé, "Ọ̀gá, ọjọ́ Túsìdeè yẹn, mo wà lórí fóònù ni." Ẹ bá a jókòó kí ẹ tó bá a jà. Ẹ kọ́kọ́ ka ebè: lẹ́tà mélòó ló jáde, oníbàárà mélòó ló dúpẹ́, ìwé owó wo ló parí? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo wákàtí.

Àwọn kan nínú wa ní òṣìṣẹ́ nílé, ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Fleming. Nígbà òtútù, bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní Toronto, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ní Ìbàdàn. Nígbà ooru, aago méjì ni. Ẹni tí ẹ ní kí ó bá yín ṣiṣẹ́ títí di aago márùn-ún tiyín nígbà òtútù yìí, aago mọ́kànlá òru ni tirẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ yóò ní ó sá níṣẹ́. Àwa tí a mọ bí iná ṣe ń lọ nílé, a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀rọ náà gbọ́. Ẹ jọ fi àdéhùn sílẹ̀ lórí ọjọ́ tí iná kò bá sí.

Sí àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹ sinmi, ìgbà tí ẹ parí àti ohun tí ẹ ṣe. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́, nítorí pé ìwé tí a kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìtàn ni yóò jọ.

Ẹ má fojú kéré ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ àti àádọ́ta ọ̀sẹ̀, ó di wákàtí méjìlélọ́gọ́ta àtààbọ̀. Bí owó iṣẹ́ yín bá jẹ́ ogún dọ́là ní wákàtí kan, 1,250 dọ́là ló ti lọ yẹn. Owó bàtà àti ẹ̀wù òtútù ọmọ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ korò, a ó sọ ọ́: ẹ má kọ wákàtí tí ẹ kò ṣe. Ẹ má ra ẹ̀rọ tó ń mi máòsì fún yín. Bí ọmọ bá ṣàìsàn tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí méjì, ẹ sọ fún ọ̀gá, kí ẹ sì jọ mọ ìgbà tí ẹ ó dá a padà. Àáró nìyẹn. Irọ́ wákàtí kan ṣoṣo lè ba òótọ́ ọgọ́rùn-ún wákàtí jẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ wa kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀gá gbé kọ́ńgò sí gbangba, kí òṣìṣẹ́ náà la ojú wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ wo ìwé tí ilé-iṣẹ́ fún un, kí ó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà nínú wa yóò bá a kà á. Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí a má ṣe ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ.