Ẹ̀tọ́ Àwọn Tí Ń Dúró De Ìtàn

Ẹ̀yin àgbà Àgbádárìgì, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Àwórì, ojú yín ti rí òkun, kò lè rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Nítorí náà ni mo ṣe gbójúgbóyà gbé ọ̀rọ̀ ìtàn aláwòrán tí àwọn ọmọ yín ń kà lórí fóònù wá síwájú yín, ní ìlú tí Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1845, nígbà tí kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ tuntun.

Irú ìtàn tí mo ń wí ni èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi awò bojú, tí ó wọ inú ayé tí kọ̀ǹpútà dá, tí ẹnìkan sì yọ́ wọ inú ẹ̀rọ náà láti yí ohun gbogbo padà, títí akọni kò fi mọ ayé tòótọ́ yàtọ̀ sí ti àtọwọ́dá mọ́. Bí abala kan bá jáde, kí òmíràn tó tẹ̀lé e, àwọn òǹkàwé á máa méfò: àwọn kan á ní akọni kò jáde nínú ẹ̀rọ rí, àwọn kan á ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni ọ̀tá, àwọn mìíràn á sì máa kùn pé ìtàn ń falẹ̀ jù. Àwọn àgbà kan ní ìranù ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí mi sì wà ní Èkó.

Ní oṣù Keje 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, tí ó ní wọ́n ti ọwọ́ Sẹ̀gilọlá wá, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé, arúgbó tí ẹwà ti kọ̀ sílẹ̀, tí àìsàn dè mọ́lẹ̀, tí ó wá ń jẹ́wọ́ ìṣe ìgbà èwe rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Kẹta 1930. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ àdúgbò Èkó tòótọ́ àti orin tí àwọn àgbà ṣì rántí ni ó fi hun ún, àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́: wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n káàánú obìnrin tí a kò bí rí, Thomas sì ń tẹ lẹ́tà wọn jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà. Kò sí awò kankan lójú wọn; bébà àti ìdúró ti tó. Ní 1930 kan náà ni ìtàn yìí di ìwé, ọdún mẹ́jọ kí ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ tó jáde. Ẹni tí ó sì kà á tán ní ìjókòó kan kò lè jẹ adùn tí àwọn tí ó dúró dè é jẹ.

Àwọn baba wa mọ èyí. Bí apàlọ́ bá tú àlọ́ àpamọ̀ kí ẹni tí ó pa á fún tó méfò, ó ti ba eré jẹ́, nítorí àṣìmọ̀ pàápàá wà lára àlọ́.

Ìdí rèé tí inú mi kò fi dùn tán sí ọ̀nà tí eré àwòrán Iwájú gbà jáde. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Kugali pẹ̀lú Disney ni, nípa Èkó ọjọ́ iwájú, níbi tí alángbá ẹlẹ́rọ ti ń ṣọ́ ọmọdébìnrin kan. Iṣẹ́ ìyanu ni, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n abala rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 28 oṣù Kejì 2024. Kí a tó ráyè jiyàn, ìdáhùn ti wà nílẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yàtọ̀ sí ìmẹ́lẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ etíkun yìí tí ẹ ń ya ìtàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ariwo àwọn tí ń kánjú mú yín já a lulẹ̀ kí ó tó parí. Ẹ dá ọjọ́ tí abala tuntun yóò jáde, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́.