Dísìkì Tó Yọ: Ta Ló Ní Kí Aláìsàn Dùbúlẹ̀?

 Àwọn tó ṣètò ìpéjọpọ̀ yìí ní kí ọ̀rọ̀ dá lórí ẹ̀yìn ríro. Wọ́n ṣe é re, nítorí àgbẹ̀ tó bá kọ ebè láti àárọ̀ mọ ohun tí ìbàdí ń fojú ẹni rí.

Ẹ ti mọ dísìkì. Tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Bó bá yọ, tó tẹ iṣan, ìrora á gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà tó wà nílẹ̀ ni ti àwọn tó ń pàṣẹ ìdùbúlẹ̀. Nígbà tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pákó ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí aláìsàn á sì sùn gbalaja fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bó bá dìde, itan rẹ̀ á ti rù. Títí dòní, àwọn àgbà oníṣègùn kan ṣì ń jà fún un.

Kí wọ́n gbọ́ ohun tí olùṣèwádìí Vroomen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní Netherlands, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999. Aláìsàn 183 ni, ìrora gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí àwọn tó kù máa bá ìgbésí ayé wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 87 nínú 100 ló sàn díẹ̀ tàbí púpọ̀ lápá kìíní; ìdá 87 náà ni lápá kejì. Ìdùbúlẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un! Àwọn alátakò á ní òyìnbó ni wọ́n, wọn kì í roko. Kí ló wá kàn án? Àgbẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lásìkò iṣu gbígbìn ló pàdánù jù. Ara fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fa ohun tó yọ náà mu díẹ̀díẹ̀. Kí aláìsàn máa rìn níwọ̀n, kí ó lo oògùn apàrora tí dókítà bá kọ, kí ó sì sinmi ẹrù wíwúwo fúngbà díẹ̀.

Ẹ̀yin ará Mọ̀pà náà sì ń dá kún ìṣòro náà. Ẹ ń jẹ́ kí ọmọdé gun ẹ̀yìn yín mọ́lẹ̀, ẹ ń ra àpòpọ̀ oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì. Ẹ wá wọn lọ.

 Àwòrán MRI, tó ń fi inú ara hàn, náà kì í ṣe ìdájọ́: nínú ìwádìí kan ní 1994, nínú ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn kò ro rárá, dísìkì tó wú wà lára ìdá 52 nínú 100.

Iṣẹ́ abẹ máa ń tètè mú ìrora lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tí kò ṣe é sábà máa ń bá ẹni tó ṣe é dọ́gba.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá há, bí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an.