ÀYẸ̀WÒ OJÚ: Ẹ̀TỌ́ TÍ OJÚ NÍ LÓRÍ MÙSÙLÙMÍ

Bismillahi Rahmani Rahim.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì fún un ní ojú méjì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ìlú Minna, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ṣíṣe àyẹ̀wò ojú lóòrèkóòrè, láti orí ọmọdé títí dé orí arúgbó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni èyí, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí mímbárì, kí ó fetí sílẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Nínú Súrà An-Nahl, ẹsẹ 78, Ọlọ́hun rán wa létí pé a kò mọ nǹkan kan nígbà tí a jáde láti inú ìyá wa, Òun ni ó fún wa ní ìgbọ́rọ̀, ìríran àti ọkàn, kí á lè máa dúpẹ́. Nínú Súrà Al-Isra, ẹsẹ 36, Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé a ó béèrè nípa àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ohun tí a ó bá bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn, àmánà ni. Nígbà tí Abdullahi ọmọ Amr ń gba aáwẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì ń kírun mọ́jú, Ànọ́bì kọ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ara rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí ojú bá ní ẹ̀tọ́ sí oorun, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú pẹ̀lú.

Òótọ́ ni pé ẹ̀san ńlá wà fún ẹni tí ó bá pàdánù ojú rẹ̀, tí ó sì ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n sùúrù wà fún ohun tí apá kò ká. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìtọ́jú sílẹ̀ kò tíì ṣe sùúrù. Ó fi àmánà ṣòfò ni.

OHUN TÍ Ó Ń FỌ́ OJÚ NÍ ILẸ̀ WA

Láàrin ọdún 2005 sí 2007, àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò ojú àwọn tí ó ti lé ní ẹni 40 ọdún jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn, bíi 4 ni ó fọ́jú. Èyí tí ó dunni jù ni pé nínú 100 afọ́jú wọ̀nyí, 84 ni ohun tí ó fọ́ ojú wọn ṣeé dènà tàbí ṣeé wò sàn.

Èyí tí ó ṣáájú ni kàtáráàtì, èyí tí àwọn ará wa Hausa ń pè ní yanar ido, tí í máa sọ ẹyinjú di funfun. Iṣẹ́ abẹ ni oògùn rẹ̀: wọn á yọ ohun tí ó ti dọ̀tí nínú ojú, wọn á fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, onítọ̀hún á sì tún ríran. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ní ìhà àríwá yìí ń lọ bá àwọn tí ń kiri fi abẹ́rẹ́ gún ojú. Wọn kì í yọ àìsàn náà. Wọ́n ń tì í ṣubú sínú ojú ni. Aláìsàn lè ríran fún ọjọ́ díẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ojú wọn ń fọ́ pátápátá lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, Ammar ọmọ Ali ará Mosul, oníṣègùn ojú ní Cairo, ti kọ ìwé lórí bí a ṣe lè fi abẹ́rẹ́ oníhò fa kàtáráàtì jáde. Ìmọ̀ ìtọ́jú ojú kì í ṣe àjèjì sí Islam.

Èkejì ni gilọkómà. Èyí ni olè tí kì í kan ilẹ̀kùn. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ìríran ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa jẹ iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ohun tí ó bá ti jẹ kò ṣeé gbà padà mọ́. Oògùn kàn lè dá èyí tí ó kù dúró ni. Nínú àyẹ̀wò tí mo wí yìí, àwọn tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní gilọkómà kò tó 6 nínú 100 àwọn tí ó ní in. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní in, kí àbúrò náà lọ ṣe àyẹ̀wò.

OÒGÙN OJÚ NÍNÚ RAMADAN

Àwọn kan máa ń pa oògùn tí wọ́n ń kán sójú tì ní gbogbo oṣù yìí nítorí aáwẹ̀. Ewu ńlá ni. Ní ojú ọ̀nà Imam Malik tí a ń tọ̀, ohun tí a fi sójú lọ́sàn-án, tí ó bá dé ọ̀fun, ó ń ba aáwẹ̀ jẹ́. Ní ti Imam Shafi'i, kò bà á jẹ́. Ní ọdún 1997, àjọ àwọn onímọ̀ òfin Islam lágbàáyé ní Jeddah fẹnu kò pé kò ba aáwẹ̀ jẹ́, bí ènìyàn kò bá ti gbé ohun tí ó dé ọ̀fun mì.

Nítorí náà, ẹni tí ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ó kán an lálẹ́. Ẹni tí ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ó kán an ní àsìkò ìṣínu àti sàárì. Ẹni tí kò lè ṣàì lò ó lọ́sàn-án, kí ó kán an, kí ó pajú dé, kí ó sì fi ìka tẹ igun ojú níbi imú fún ìṣẹ́jú méjì, kí oògùn má baà ṣàn lọ sí ọ̀fun. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, Ọlọ́hun ti fún aláìsàn láyè láti san aáwẹ̀ padà. A lè san aáwẹ̀ padà. Ojú tí gilọkómà bá jẹ kò ní padà.

ÌMỌ̀RÀN

1. Ọmọdé: bí ẹyinjú ọmọ bá funfun, tàbí tí ojú rẹ̀ bá dà, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ̀yin álífáà ilé-kéwú, ọmọ tí ń fa wàláà mọ́ imú lè má jẹ́ olódo. Ó lè jẹ́ pé kò rí i ni. Ẹ sọ fún òbí rẹ̀ kí ẹ tó gbé pàṣán.

2. Ẹni tí ó ti pé 40 ọdún: kí ó ṣe àyẹ̀wò ní ọdún kan tàbí méjì síra wọn. Bí Al-Kùránì bá ti di ohun tí à ń nà jìnnà kí á tó kà á, àsìkò awò ti tó.

3. Alátọ̀gbẹ: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọọdún, bí ojú kò tilẹ̀ tíì ṣe é ní nǹkan kan.

4. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú bàbá àti ìyá yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó ní oníṣègùn ojú. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ tá ògiri.

Kí Ọlọ́hun gba aáwẹ̀ wa, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó jẹ́ kí á fi ojú wa ka ọ̀rọ̀ Rẹ̀ títí dé ọjọ́ ikú wa. Àmín.