Ọwọ́ Ta Ni Iyọ̀ Wà? Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ Oúnjẹ Wa Tí A Bá Wà Lájò

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń jẹ nílé ara rẹ̀. Oúnjẹ ẹni tó wà lájò ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa ń sọ fún mi ni pé, "Bọ̀dá, nílé mi, mo mọ ohun tí mò ń jẹ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti rán mi níṣẹ́ lọ sí ìlú míì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí." Àwọn kan ń lọ sí àgọ́ NYSC, ọjọ́ 21 gbáko. Àwọn kan ń lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn láti Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́ Ajé. Kí wá lèèyàn máa ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni bàbá mi. Ó lé ní 20 ọdún tó fi wa ọkọ̀, ojú ọ̀nà ló sì ti ń jẹun lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ ọdún 54 ni nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, kò sì mọ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Títí dòní, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe máa rí lára àgbà Yorùbá, ẹni tó jẹ́ pé òun ló máa ń gbá wa lọ́wọ́ ní kékeré tí a bá fi òsì gba nǹkan. Bí àlejò bá wà nílé báyìí, bàbá mi kì í fẹ́ jẹun lójú wọn.

Nígbà tí èmi náà pé ọdún 29, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń dúró sí nǹkan bí 145 lórí 95. Dókítà ní ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ: kí n dín iyọ̀ kù, kí n jẹ ẹ̀fọ́ àti èso sí i, kí n máa rìn dáadáa, kí n sì máa padà wá fún àyẹ̀wò. Nílé, kò le. Àmọ́ iṣẹ́ iná sólà ni mò ń ṣe. Oṣù yìí, mo lè wà ní Àkúrẹ́. Oṣù tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ Ìlọrin tàbí Abẹ́òkúta. Bí ètò oúnjẹ mi bá jẹ́ ti inú ilé nìkan, ìdajì ọdún ni kò ní sí ètò kankan.

Iyọ̀ tí a kò rí

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ṣe tó gíráàmù 5. Ẹ mú ṣíbí kékeré tí ẹ fi ń po tíì, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Kò tó ìyẹn. Ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, àti ìpápánu ló wà nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé àti àjò nìyí: nílé, ọwọ́ mi ni iyọ̀ wà. Lájò, ọwọ́ ẹlòmíì ni. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ní búkà kò mọ̀ mí, kò sì mọ bàbá mi. Ó fẹ́ kó dùn kí n lè padà wá, kò sì jẹ̀bi. Màgí tó fi sí i pẹ̀lú, iyọ̀ ni. Ẹ wo ara páálí màgí tó wà nílé yín. Èròjà tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ síwájú, iyọ̀ ló sì máa ń wà níwájú lára ọ̀pọ̀ wọn.

Nítorí náà, mi ò kó gbogbo òfin ilé mi dání lọ sí àjò. Nǹkan mẹ́ta péré ni mò ń dì mú: iyọ̀, ohun mímu, àti bí òkèlè ṣe tóbi tó. Tí mo bá di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti ṣe dáadáa.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìlú tí mò ń lọ ni mo máa ń wò kí n tó pinnu ohun tí màá jẹ. Ní Àkúrẹ́, iyán máa pọ̀, ẹ̀fọ́ náà á sì pọ̀. Ní Abẹ́òkúta, ẹ óò rí láfún àti ìrẹsì ọ̀fadà. Ní Ìlọrin, wàrà wà níbẹ̀. Kò sí ìlú Yorùbá tí wọn kì í ta ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín. Kò sí ìdí láti máa wá sàláàdì kiri nígbà tí ewédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Mo máa ń béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé ìlú náà: níbo ni wọ́n ti ń ta èso nítòsí? Búkà wo ló máa ń gbà kí èèyàn yan ohun tó fẹ́? Ṣé kétùlù tàbí fíríìjì wà níbi tí màá sùn? Ìdáhùn mẹ́ta yìí ló máa ń sọ ohun tí màá dì sínú báàgì. Tí kétùlù bá wà, mo máa ń gbé óòtì àti ẹ̀pà tí wọn kò fi iyọ̀ sí dání. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú báàgì. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, kó má kó o sí búùtù ọkọ̀.

Lójú ọ̀nà àti ní búkà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé ọjà ni ojú ọ̀nà yẹn tí ọkọ̀ bá ti dúró. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé sá tẹ̀ lé ọkọ̀ ló burú. Àgbàdo sísun kò ní iyọ̀. Bọ̀ọ̀lì kò ní. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti kùkúńbà kò ní. Èyí tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, bí ìpékeré, búrẹ́dì ẹlẹ́ran àti bisikíìtì, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ kà á. Wọ́n lè má kọ "iyọ̀" síbẹ̀, kó jẹ́ "sodium" ni wọ́n kọ. Ẹ fi méjì ààbọ̀ sọ iye náà di púpọ̀. Bí ẹ bá rí sodium míligíráàmù 800, iyọ̀ gíráàmù 2 nìyẹn. Bí ìndómì náà ṣe rí nìyí. Inú ọ̀rá kékeré yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ rẹ̀ wà, ẹ lè da ìdajì sí i kí ẹ sọ ìyókù nù.

Ní búkà, mi ò kí í sọ pé, "Ẹ má fi iyọ̀ sí i." Ọbẹ̀ ti jinná kí n tó dé. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ewédú dáadáa. Ẹ kàn bu ọbẹ̀ ata díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ẹja kan lé e. Àmàlà ẹyọ kan ti tó." Owó tí mi ò fi ra àmàlà kejì, mo fi ra ẹja tàbí ẹ̀fọ́ sí i. Omi ọbẹ̀ ló gbé iyọ̀ lọ́wọ́ jù, mi ò sì kí í gbé àwo sẹ́nu láti mu èyí tó kù. Ní àgọ́ NYSC náà, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá pín, kí ẹ lọ fi owó yín ra èso àti ẹyin sísè ní mammy market, dípò kí ẹ lọ ra súyà àti mínírà lálaalẹ́.

Mínírà ńkọ́? Ẹ wo ara ìgò. Bí wọ́n bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 sí mílílítà 100, ìgò 50cl kan ti kó gíráàmù 50 fún yín nìyẹn, bíi ṣíbí tíì 12. Fún ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tó tó kálórì 2,000 lóòjọ́, gíráàmù 50 ni WHO ní kó má kọjá, nínú gbogbo ohun tó jẹ tó sì mu. Omi ni tèmi.

Àtúnṣe kan rèé o: ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ sọ pé nítorí kò rí oúnjẹ tó dára, òun máa febi sùn. Ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tó máa dá a kú lójijì. Kó jẹ èyí tó rí, kó kàn dín in kù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì dáa tó, kó béèrè irú èso àti ẹ̀fọ́ tó yẹ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò.

Ilé ẹbí ló le jù

Hòtẹ́ẹ̀lì rọrùn, kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín níbẹ̀. Ilé ẹbí ni wàhálà wà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ fún àǹtí yín pé ẹ ò ní jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè, kí ẹ wá wo ojú wọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọ oúnjẹ ti kọ ẹni tó sè é. Wọ́n á ní, "Ṣé mo fẹ́ fún ẹ ní májèlé jẹ ni?"

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé ní Ìlọrin. Iṣẹ́ gbé mi lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọn ò sì ní gbà láé kí n sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Oúnjẹ yín ti ń wù mí jẹ láti ọjọ́ yìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà."

Wọ́n ní, "Àjàní, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ga. Wọ́n ní kí n dín iyọ̀ àti màgí kù. Mi ò fẹ́ kó rí bíi ti bàbá mi."

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ sí ẹ láṣẹ Ọlọ́run. Sọ bí o ṣe fẹ́ kí n sè é."

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò kọ oúnjẹ wọn. Mo gbé iyọ̀ náà padà sí ọwọ́ wọn, mo sì sọ ìdí rẹ̀, kí ìkòkò tó gorí iná. Tí mo bá dúró di ìgbà tí wọ́n gbé àwo kalẹ̀, ìjà ni ì bá dà. Irú, edé, ẹfinrin, ata àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi se ọbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, iyọ̀ rẹ̀ ò ju ìfọwọ́-bù lọ. Ọ̀rọ̀ irú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ sí i, torí àwọn kan máa ń fi sí i. Àwọn ọmọ ilé ráhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Ahọ́n máa ń kọ́ nǹkan, ẹ kàn fún un láyè.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní pálọ̀. Àǹtí mi na apá wọn sí mi, wọ́n ní, "Wọn tèmi náà." Ó jẹ́ 172 lórí 104. A dúró díẹ̀, a tún un wọ̀n, kò wálẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti ń lo oògùn báyìí, ara wọn sì yá. Orí kò fọ́ wọn rí, ojú kò kọ́ wọn, kò sí àmì kankan. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó ṣe ṣe bàbá mi nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ

Ẹ má di gbogbo ètò ilé yín sínú báàgì. Ẹ yan nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè dì mú níbikíbi. Ẹ wádìí ìlú kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá. Tó bá sì jẹ́ ilé èèyàn lẹ̀ ń lọ, ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sọ òótọ́ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ yín máa yí ọbẹ̀ padà.

Àwọn bàbá wa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lé lọ́dún 18, tẹ́ ẹ ò sì mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ yín wà, ẹ lọ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ẹ sì mú ẹnì kan nínú ilé dání.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń palẹ̀mọ́ láti rìnrìn àjò, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí ẹ̀ ń jẹ lájò níbi tí ẹ wà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa ṣe jẹ́jẹ́ o.