Igi Nìkan Kọ́ Ni Ère: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Ìgbaninímọ̀ràn fún Ilé Àkójọ Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìgànná níwájú àwọn ọmọ Ìṣẹ̀ṣe



Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, mo júbà Èṣù Ọ̀dàrà, mo júbà gbogbo irúnmọlẹ̀ àti àwọn ìyá wa. Mo forí balẹ̀ fún Ṣábìgànná àti gbogbo ìjòyè ìlú Ìgànná. Ẹ̀yin Olúwo, ẹ̀yin Ìyánífá, ẹ̀yin ọ̀jẹ̀, ẹ̀yin ọdẹ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ìwéré-Ilé, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wá, mo kí yín. Kí ìbà wa ṣẹ.

Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ni àkòrí tí ẹ fún mi: kí ni ó yẹ kí ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ṣe nígbà tí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà bá pè é pé kí ó wá la àwọn lọ́yẹ̀? Ìpè náà ń pọ̀ sí i. Ní 2022 ni Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn idẹ Ìbíní padà sí Nàìjíríà. Ní 2023 ni Ààrẹ ìgbà náà ṣí ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè, ní Oníkàn, ní Èkó. Ẹrù ń padà bọ̀, ilé ń pọ̀, àwọn tí ń tọ́jú ẹrù sì ń wá ẹni tí yóò sọ ohun tí ẹrù náà jẹ́ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: igi nìkan kọ́ ni ère. Orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀ àti ìlò rẹ̀ ni ìdajì kejì. Ọwọ́ wa ni ìdajì kejì yẹn wà, kò sì yẹ kí a gbé e fún ẹnikẹ́ni láìmọ iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ní 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander gba ilẹ̀ Òkè-Ògùn kọjá dé Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin fi eré eégún aláré ṣe wọ́n lálejò. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: eégún tí ó di erè, àti eégún tí ó di òyìnbó, tí àwọn ènìyàn ń wò tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àkọsílẹ̀ iyebíye ni. Àwọn onímọ̀ eré ìtàgé ṣì ń lò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ọ̀jẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. A mọ orúkọ òǹwòran, a kò mọ orúkọ òṣèré.

Ẹ wá gbọ́ ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére ààfin Arínjálẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ọ̀gògà ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí a ti rí Ọba lórí ìtẹ́ tí ó ń gba àlejò òyìnbó tí wọ́n fi àga gbé wá. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Ilé àkójọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gògà. Igi kọjá òkun. Orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò bá a lọ. Ọlọ́wẹ̀ papò dà ní 1938.

Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, dé Ìsẹ̀, ó sì bá ọ̀kan nínú àwọn opó Ọlọ́wẹ̀, Olójú-ifún. Ìyá àgbà yìí ki ọkọ rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ààfin tí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wà. Kò gbàgbé pé ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà ti lọ sí Ìlú Ọba. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ojú àti ìwé wá kiri, ẹnu ìyá yìí ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láàyè. Nígbà tí ilé àkójọ ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington ṣe àfihàn Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní 1998, oríkì yẹn wà lára ohun tí a fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni agbaninímọ̀ràn nínú ìtàn yìí? Olójú-ifún ni. Kò ní ìwé oyè, kò sì wọ bàtà ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n òun ni ó dá orúkọ padà sára igi.

Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò bá sí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm, ní Jámánì. Láti ilẹ̀ Àládà, ní Benin òde òní, ni ó ti dé ọwọ́ oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ẹni tí ó tẹ ìwé ìkójọ ẹrù rẹ̀ jáde ní 1659. Nínú ìwé náà, pátákó ìrúbọ ni wọ́n pè é, wọ́n sì ní àwòrán ẹ̀mí burúkú ni ó wà lára rẹ̀. Gbogbo awo tí ó wà níbí mọ ojú tí ń wo babaláwo láti etí ọpọ́n. Ojú Èṣù ni, oníbodè, ẹlẹ́rìí ẹbọ. Irú àṣìpè bẹ́ẹ̀ ni ó tún wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè, tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọ tiwa fi ń bẹ̀rù ohun tí baba wọn ń bọ.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé kí a má dá àwọn ilé wọ̀nyí lóhùn rárá, nítorí pé ẹrù jìbìtì kún inú wọn. Mo gbọ́ wọn, mi ò sì bá wọn jiyàn pé ọ̀pọ̀ ẹrù náà kò bá ọ̀nà tó tọ́ kúrò nílé. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, ìwé ọdún 1659 ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ wa. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn, kí a sì mọ bí a ó ṣe dáhùn. Ohun mẹ́ta ni mo fi ń ṣọ́ ara mi nídìí iṣẹ́ yìí.

Èkíní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí wọ́n bá fi àwòrán ère ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, má sáré dáhùn. Bi wọ́n pé ìlú wo ni ó ti wá, kí o sì wá ọmọ ìlú náà kàn. Ère orí eégún tí apá kan Èkìtì ń pè ní Ẹ̀pa, Ẹlẹ́fọ̀n ni àwọn mìíràn ń pè é. Ẹni tí ó bá fi ẹnu Ìgànná dáhùn fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti tún ṣe ohun tí Weickmann ṣe.

Èkejì, ohun tí a kì í sọ, kí a sọ ọ́ gbangba pé a kì í sọ ọ́. Kí ó wà nínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tẹ Odù kì í fojú ba igbá Odù. Dídé inú àpótí gíláàsì kò yí ìyẹn padà. Ilé àkójọ tí ó bá bọ̀wọ̀ fún wa lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó ni ín ní kí a má ṣí i. Àkọlé yẹn gan-an ẹ̀kọ́ ni fún òǹwòran.

Ẹ̀kẹta, owó, orúkọ àti ẹ̀dà. Ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ fẹ́ san owó iṣẹ́ fún èmi tí mo ń túmọ̀, kí wọ́n sì fún bàbá tí ń sọ̀rọ̀ ní owó ọkọ̀ lásán. Mo ní ìwé oyè ni ẹ ń sanwó fún, kì í ṣe ìmọ̀. A tún àdéhùn náà kọ. Kí orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ wà lára ògiri pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀dà gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sì padà sí agbo ilé tí wọ́n ti gbà á.

Ní ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà láàárín ìlú, Òṣogbo ti fi ọ̀nà hàn. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Ìgbò kan, Mbari, pè é. Àwọn ará Òṣogbo kò fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Níbẹ̀, nínú ẹ̀kọ́ tí Georgina Beier ṣe ní 1964, ni Múráínà Oyèlámì, Twins Seven Seven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán, àwọn kan nínú wọn sì ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ tẹ́lẹ̀. Àlejò mú ọ̀dà àti pépà wá. Ìtàn, orin àti orúkọ jẹ́ ti onílé. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, mo gbà pé ọjọ́ tí ìlú yí orúkọ yẹn padà ni ibùdó náà di tiwọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Ìgànná ní iṣẹ́ ọnà, ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn ìyá wa àti àwọn ọ̀jẹ̀ wa jókòó sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Iṣẹ́ tí ó kù kò gbọdọ̀ dúró de lẹ́tà láti òkèèrè. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ka orúkọ àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, onílù àti ọ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a ṣì ń rántí. Kí a kọ oríkì wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí fóònù yín gba ohùn ẹni tí ń kì wọ́n, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ agbo ilé, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí. Àwọn ìyá tí wọ́n mọ oríkì wọ̀nyí ti dàgbà. Àádọ́ta ọdún ni Olójú-ifún fi dúró kí ẹnì kan tó bi í léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa kò ní irú àádọ́ta ọdún bẹ́ẹ̀ mọ́ níwájú wọn.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Kí ẹnu wa má kú mọ́ orúkọ àwọn baba wa lára. Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí àbá wa ṣẹ. Àbọrú, àbọyè.