A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Gbàgede Ìlú Ṣe



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ni ti ilẹ̀ gbangba tí ó wà ní àárín ìlú, èyí tí kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo, tí gbogbo wa sì ń lò. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí a bá fẹ́ sọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́, tàbí bí a bá fẹ́ tún èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣe, ta ni ó yẹ kí a bi léèrè, nígbà wo ni ó sì yẹ kí a bi í? Ìdáhùn àwọn baba wa kò gùn: a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn ni èyí, tí kò kan àwa ará Ìgbómìnà. Kí a tó gbọ́ orúkọ ọgbà ìgbafẹ́ rárá ni ìlú Yorùbá ti ní gbàgede tirẹ̀. Iwájú ààfin ni ó máa ń wà, ọjà ọba a sì máa wà nítòsí rẹ̀. Lábẹ́ igi ọdán ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń jókòó, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá, tí a ti ń kéde, tí a ti ń ṣe ọdún, tí àlejò sì ti ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ òní, bí ìlú ti ń fẹ̀ tí ilẹ̀ sì ń di owó, irú àyè bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn olójúkòkòrò kọ́kọ́ ń bà lé. Ẹnìkan a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí igun kan, ẹlòmíràn a fi ògiri yí igun kejì ká. Nígbà tí ó bá pẹ́, àwọn ọmọ wa a máa ṣeré ní ojú títì, láàárín ọkọ̀ àti ọ̀kadà, àwọn arúgbó a sì jókòó sínú ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ilẹ̀ tí ó bá bọ́ báyìí kì í sábà padà sí ọwọ́ ìlú mọ́.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ Gómìnà, ṣùgbọ́n kò fi í fún un bí ohun ìní ara rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ó dì í mú fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìríjú ni ìjọba jẹ́. Ìríjú tí kò bi àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún léèrè kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fi hàn bí ó ti máa ń rí nígbà tí a kò bá bi ará ìlú léèrè. Ní Nairobi, olú ìlú Kẹ́ńyà, ọgbà ńlá kan wà tí a ń pè ní Uhuru Park. Ní ọdún 1969 ni a ṣí i, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń gbafẹ́ níbẹ̀, àti olówó àti tálákà. Ní ọdún 1989, àwọn tí ń ṣèjọba fẹ́ kọ́ ilé alájà ọgọ́ta sí inú rẹ̀. Wọn kò bi àwọn tí ń lò ó. Obìnrin kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wangari Maathai, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ agbingi Green Belt Movement sílẹ̀ ní ọdún 1977, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ àti sí àwọn àjọ àgbáyé. Àwọn aṣòfin fi í ṣe ẹ̀sín nínú ilé ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Nígbẹ̀yìn, àwọn àjèjì tí ìbá mú owó wá fà sẹ́yìn, a kò sì kọ́ ilé náà mọ́. Ní ọdún 2004 ni a fi ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà dá a lọ́lá. Nígbà tí Kẹ́ńyà sì ṣe ìwé òfin tuntun ní ọdún 2010, a ka ìkópa àwọn ará ìlú mọ́ àwọn ìlànà tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé. Ẹ kíyèsí i pé ìbéèrè tí a kọ̀ láti bi ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó padà di ìjà ní òpin.

Ẹ wo ibòmíràn nísinsìnyí, níbi tí a ti béèrè, láàárín àwọn tí wọ́n jẹ́ ìbátan wa. Ní Porto-Novo, olú ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, àwọn gbàgede àtijọ́ pọ̀ níwájú agbo ilé àwọn ìdílé tí ó tẹ ìlú náà dó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti bàjẹ́. Ilé àṣà kan tí à ń pè ní Ouadada, èyí tí Gérard Bassalé jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé a ya àwòrán sí ọ́fíìsì kan kí a tó wá gbé e bá àwọn onílé. Àwọn ìdílé tí gbàgede wà níwájú ilé wọn, àwọn oníṣẹ́ ọnà, àti ìjọba ìlú ni ó jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Òtítọ́ ni pé ojúbọ wà ní irú ibẹ̀, àwa kì í sì í ṣe abọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n gbàgede ìlú kì í ṣe ti onígbàgbọ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Bí àwa bá fẹ́ kí a bi wá léèrè, ó yẹ kí a fẹ́ kí a bi aládùúgbò wa pẹ̀lú.

Nílé wa níhìn-ín pàápàá, Èsìẹ́ kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1933, Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ti ìjọ C.M.S., mú ìròyìn àwọn ère òkúta ibẹ̀ jáde fún aráyé. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé. Ère náà ju ẹgbẹ̀rin lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti kán. A kò kó wọn lọ sí Èkó. Ní Èsìẹ́ gan-an ni a kọ́ ilé fún wọn, èyí tí ó di ilé ìṣúra àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn ní láti wá bá àwọn tí ó ni wọ́n ní ilé wọn. Ohun tí ó bá wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀ a máa rí ẹni ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ìjọba bá sùn.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá pe gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ kò ní parí láé, àti pé iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni yíya àwòrán ìlú. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe asán. Ayàwòrán ilé ni ó mọ bí a ti ń ṣe ìpìlẹ̀ kí ògiri má wó. A kò ní kí ìyá aláta kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá aláta ni ó mọ ibi tí oòrùn ti ń pa ènìyàn lọ́sàn-án, àti ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà nígbà òjò. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mọ ibi tí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹgbẹ́ rẹ̀. Afọ́jú ni ó mọ àtẹ̀gùn tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Lọ́nà kìíní, kí a béèrè kí a tó ya àwòrán. Ẹni tí ó bá mú àwòrán tí ó ti parí wá sí ìpàdé kò wá gba ìmọ̀ràn. Ìyìn ni ó wá gbà. Lọ́nà kejì, kí a lọ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n wà: ní ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé ààfin nìkan ni a pè, ohùn àwọn ọkùnrin tí ó lè pariwo ni a ó gbọ́. Lọ́nà kẹta, kí a fi èèkàn àti okùn ya àwòrán náà sórí ilẹ̀ gan-an, kí ẹni tí kò mọ ìwé kà lè rìn nínú rẹ̀, kí ó sì wí pé, “Ẹ ti dí ọ̀nà odò.” Lọ́nà kẹrin, kí a padà wá jíṣẹ́: èyí ni a gbà, èyí ni a kò gbà, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ẹni tí a bi léèrè tí a kò sì dá lóhùn kò ní dáhùn nígbà mìíràn. Lọ́nà karùn-ún, kí a fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa gbá ibẹ̀, tí yóò máa bomi rin igi, kí a tó gbin èyí àkọ́kọ́.

Ìpàdé púpọ̀ lè fi oṣù díẹ̀ kún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn síbi tí kò yẹ, tàbí ògiri tí ó dènà ọjà, yóò wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún àárín ìlú ṣe, ìbáà ṣe ní Òmù-Àrán, ìbáà ṣe ní Èsìẹ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye owó tí wọn yóò ná. Ẹ béèrè pé, “Àwọn wo ni ẹ ti bi léèrè?” Bí wọn kò bá lè dárúkọ ọlọ́jà kan, tàbí arúgbó kan, tàbí ọmọdé kan, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù àti ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n dá èèkàn dúró ná, olórí kò tíì dé.