Ọ̀nà Tí Substack Ń Gbà Pawó

Substack, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 2017, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tó ń fi íméèlì ránṣẹ́ sáwọn òǹkàwé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Báwo ló ṣe wá ń pawó?

Ọjọ́ tí òǹkọ̀wé bá ní káwọn òǹkàwé máa san àsansílẹ̀ owó ni owó tó ń wọlé fún Substack ń bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó àsansílẹ̀ náà ni wọ́n ń yọ. Ká ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ń san dọ́là 5 lóṣù, dọ́là 5,000 nìyẹn. Substack á mú 500. Stripe, tó ń bá wọn gba owó náà, á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Òǹkọ̀wé ló ni ìyókù.

Bí òǹkọ̀wé ò bá rí owó, ilé iṣẹ́ náà ò rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá àwọn tó ti lórúkọ. Àmọ́ bí owó ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá mẹ́wàá yẹn ń wúwo. Ghost, tí wọ́n jọ ń díje, iye kan pàtó ló ń gbà. Kì í fọwọ́ kan owó àsansílẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ ṣí kúrò ní Substack sì lè kó àdírẹ́sì íméèlì àwọn òǹkàwé rẹ̀ dání. Torí náà, kẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ dáadáa.